“Ta Ló Ń Jókòó Síbi Mi?”: Bí Ẹ̀rọ Ìgbàlódé Ṣe Lè Dúró Ti Ọmọ Tí Jẹjẹrẹ Ń Bá Jà

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí lẹ́yìn tí oògùn jẹjẹrẹ wọ ara rẹ̀ kì í ṣe nípa ikú. Kì í ṣe nípa irun orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé-ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Ìbàdàn, dírípù wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní: “Àǹtí, ta ló ń jókòó síbi mi báyìí?”

N kò lóye ohun tí ó ń sọ. Ìyá rẹ̀ ni ó là á yé mi. Ní kíláàsì rẹ̀ ní Òṣogbo, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àyè rẹ̀ wà, lórí bẹ́ǹṣì tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì jọ ń jókòó lé. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ kẹ́yìn. Gbogbo àwa àgbà ń ronú bóyá yóò yè; òun ń ronú bóyá àyè rẹ̀ ṣì wà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, inú ìbéèrè yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti jáde. Kí ni fóònù, géèmù, rọ́bọ́ọ̀tì àti àwọn irinṣẹ́ ìgbàlódé mìíràn lè ṣe fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí jẹjẹrẹ ń bá jà? Mo sì ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí fóònù tèmi wà lára ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ yìí.

Eyín kọ́ ni

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kò ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú lọ. Ẹni tó ni kẹ́míìsì àdúgbò sọ pé eyín ni, ó sì ta oògùn apakòkòrò fún wọn. Nígbà tí eyín méjì bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹnì kan bá wọn yọ wọ́n. Wíwú náà kò dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ọmọ náà ti yí padà débi pé àwọn ọmọ àdúgbò ń sá fún un. Ìgbà tí wọ́n dé Ìbàdàn, tí wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbi tó wú náà lọ yẹ̀ wò, ni wọ́n tó mọ orúkọ ohun tí ó wọlé tọ̀ wọ́n wá: Burkitt lymphoma.

Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala ní Uganda, ni ó kọ ìròyìn nípa jẹjẹrẹ yìí ní ọdún 1958, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọdé ní àwọn apá ilẹ̀ Adúláwọ̀ tí ibà ẹ̀fọn ti ń jà gan-an. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí inú ni ó sábà máa ń wú. Ìwà méjì ni ó ní tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Èkíní ni pé ó máa ń yára dàgbà ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹjẹrẹ lọ. Èkejì ni pé oògùn tètè máa ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bá tètè gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí ó sì gba gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ tán, lè bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́ “tètè” àti “tán” yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́langba, láti ọmọ ọwọ́ títí dé ẹni ọdún 19, ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 wọn tí ó ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí owó kò ti tó, kò tó ìdá 30. Ní ọdún 2018 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan kí ó kéré tán ìdá 60 nínú 100 lè máa yè jákèjádò ayé nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2030. Nínú àwọn ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ pé ó ń pa àwọn ọmọ wa ni kí a pẹ́ kí a tó mọ àìsàn náà, kí a pe àìsàn mìíràn mọ́ ọn lórúkọ, àti kí a fi ìtọ́jú sílẹ̀ ní agbede méjì. Ilé ẹ̀gbọ́n mi rí àwọn méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni mo lọ́wọ́ sí.

Iṣẹ́ tí mo rán

Kímò àkọ́kọ́, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń pe oògùn jẹjẹrẹ náà, ṣiṣẹ́ bí idán. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ti rọlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ sinmi nílé, kí wọ́n padà wá gba ẹ̀ẹ̀kejì ní ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì. Ẹ̀gbọ́n mi ti ta fíríìjì rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì ti ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí ó fi ń jẹun.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wà ní yàrá mi ní Èkó, ẹnì kan fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àwa tí a jọ jáde ní yunifásítì. Ó ní ewé kan wà tí ó ń yọ́ jẹjẹrẹ dànù láàárín ọjọ́ 21. Ó ní kímò ni ó ń pa ènìyàn, kì í ṣe jẹjẹrẹ. N kò wádìí. Mo fi iṣẹ́ náà ṣọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo èyí o. Ó lè ràn wá lọ́wọ́.” Mo fi àwòrán ọwọ́ àdúrà méjì sí i, mo sì sùn.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì pé, wọn kò lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan pè láti wọ́ọ̀dù: “Màmá wa, àná la retí yín o. Ṣé àlàáfíà ni?” Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé àlàáfíà ni, pé ojú ọmọ ti rọlẹ̀, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nọ́ọ̀sì náà tún pè lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, dókítà fúnra rẹ̀ ni ó pè, ó ní kí wọ́n tan fídíò kí òun lè rí ọmọ náà. Ó kí i, ó bá a ṣàwàdà, ó wá ní kí ìyá rẹ̀ fi ìka tẹ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó kan nǹkan kan níbẹ̀ tí kò ju hóró àgbàdo lọ, tí kò sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dókítà ní: “Màmá, koríko la ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. A kò tíì hú gbòǹgbò rẹ̀.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí Ìbàdàn.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò bú mi. Ó kàn ṣí fóònù rẹ̀, ó na iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní: “Ìwọ lo fi í ránṣẹ́. Ìwọ tó kàwé.” N kò rí èsì kankan fọ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá tí mo kà ní yunifásítì, a kọ́ nípa àrokò. Ṣáájú kí lẹ́tà tó dé, bí ẹnì kan bá fẹ́ kí ẹni tó jìnnà sí i mọ̀ pé ọkàn òun fà sí i, ó lè so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ kí ó fi rán ìránṣẹ́: ẹ̀fà ni owó náà, fífà ni ọkàn ń fà. Ẹrù ńlá sì ni ìránṣẹ́ àrokò ń rù, nítorí bí àrokò bá yí padà lọ́nà, ó lè dá ogun sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Fóònù tí ó wà ní àpò wa kò yàtọ̀ sí okùn àrokò. Kò ní inú rere, kò sì ní inú burúkú. Ohun tí a bá so mọ́ ọn ni yóò gbé dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń ṣàìsàn. Fóònù kan náà tí ó gbé ewé irọ́ dé Òṣogbo ni ó gbé ohùn nọ́ọ̀sì àti ojú dókítà débẹ̀.

Ogun inú ẹ̀jẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti so mọ́ okùn yìí fún àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ. Mo rí i pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1995, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ àjèjì sí ọ̀pọ̀ ilé, Starbright Foundation ní Amẹ́ríkà, tí Steven Spielberg tó ń ṣe fíìmù jẹ́ alága rẹ̀, dá Starbright World sílẹ̀. Ayé orí kọ̀ǹpútà ni, níbi tí àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ilé-ìwòsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti lè pàdé, kí wọ́n jọ ṣeré, kí wọ́n sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti sùn mọ́jú ní wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ yóò mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Kímò máa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà kù, nítorí náà ìgbà mìíràn wà tí àwọn dókítà kì í fẹ́ kí àlejò wọlé rárá. Lásìkò tí ọmọ nílò ẹgbẹ́ jù lọ gan-an ni ẹgbẹ́ lè pa á lára.

Ní ọdún 2006, àjọ HopeLab ní California gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Re-Mission. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá ń ta géèmù náà yóò máa darí jagunjagun obìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Roxxi, tí ó ń fò kiri nínú ara aláìsàn, tí ó sì ń yìnbọn lu jẹjẹrẹ àti kòkòrò àrùn. Bí aláìsàn inú géèmù náà kò bá lo oògùn rẹ̀, iṣẹ́ Roxxi yóò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Eré lásán kọ́ ni. Wọ́n dán an wò lára 375 ọ̀dọ́, láti ẹni ọdún 13 dé 29, ní ilé-ìwòsàn 34 ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Àwọn tí wọ́n fún ní Re-Mission lo oògùn apakòkòrò wọn àti kímò oníhóró wọn déédéé ju àwọn tí wọ́n fún ní géèmù mìíràn lọ. Ìmọ̀ wọn nípa àìsàn náà pọ̀ sí i, ìgbàgbọ́ wọn pé àwọn lè bá a jà sì pọ̀ sí i pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi yóò lóye èyí. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 kì í fẹ́ kí ìyá òun dúró ti òun pẹ̀lú ife omi kí òun tó gbé oògùn mì. Bí ó bá sì rí ohun tí oògùn náà ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ òun, ó lè gbé e mì láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ní Toronto ní Kánádà, àwọn oníwádìí ilé-ìwòsàn ọmọdé tí a mọ̀ sí SickKids gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ṣe áàpù kan tí wọ́n pè ní Pain Squad, nítorí wọ́n rí i pé ọmọ tí ara ń ro kì í fẹ́ kọ ìrora rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé lójoojúmọ́. Nínú áàpù yìí, ọmọ náà di ọlọ́pàá tí ń tọpa ìrora. Lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́ ni fóònù yóò bi í pé ibo ló ń dùn ún, báwo ló ṣe ń dùn ún tó. Bí ó bá ń dáhùn déédéé, ipò rẹ̀ yóò máa ga sí i, àwọn òṣèré tí ń ṣe ọlọ́pàá nínú eré tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ yóò sì máa kí i kú iṣẹ́ nínú fídíò. Àwọn dókítà tipa bẹ́ẹ̀ ń mọ ìrora tí ọmọ kì í sọ jáde. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá ní “Ṣé ó ń dùn ọ́?”, yóò mi orí pé rárá, nítorí ó rò pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ mìíràn ni.

Àyè tí kò ṣófo

Èyí tí ó sún mọ́ ìbéèrè ọmọ wa jù lọ wá láti Norway. Ní ọdún 2015 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ No Isolation sílẹ̀ ní ìlú Oslo, wọ́n sì ṣe rọ́bọ́ọ̀tì funfun kékeré kan tí wọ́n pè ní AV1. Orí tábìlì ọmọ tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń gbé e kà ní kíláàsì. Ó ní kámẹ́rà, ó ń gbọ́ràn, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó wà ní ilé-ìwòsàn yóò fi fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì yí orí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò rí pátákó ìkọ̀wé àti olùkọ́, yóò sì gbọ́ ariwo ìsinmi ọ̀sán. Bí ó bá fẹ́ nawọ́ sókè, iná orí rọ́bọ́ọ̀tì yóò máa ṣẹ́jú. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ tí ó kàn fẹ́ máa gbọ́, iná náà yóò di búlúù. Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ọmọ náà ń rí kíláàsì, ṣùgbọ́n kíláàsì kò rí i. Ọmọ tí irun orí rẹ̀ ti já lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń wo orí rẹ̀.

Kò sí AV1 ní kíláàsì kẹrin ní Òṣogbo. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni olùkọ́ kan tí ó ní fóònù, tí ojú gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ ní igun kan. Nígbà tí mo pè é, tí mo sọ ìbéèrè ọmọ náà fún un, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: “Ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì.”

Lọ́jọ́ kejì, ohùn kan wọ orí WhatsApp ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn ọmọkùnrin kan ni, ó ń sáré sọ̀rọ̀: “Èmi ni mo jókòó síbi rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Tíṣà ní kí n máa sọ ohun tí a ṣe fún ọ. A ṣe ìṣirò. A ṣe ìwé kíkà. Wọ́n na ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.” Ètò tí olùkọ́ náà ṣe kò ju báyìí lọ: ọmọ kan yóò máa jókòó síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ ni yóò máa ròyìn kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó. Ọmọ tó bá gba ipò náà mọ̀ pé àyè ẹlòmíràn ni òun ń bá a tọ́jú.

Mo rí ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ó gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ó tún un gbọ́. Láti ọjọ́ náà, nígbà tí ọjọ́ kímò bá ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ran ìyá rẹ̀ létí, nítorí ó ti ṣírò rẹ̀ pé bí kímò mẹ́fà bá pé, òun ó padà síbi fèrèsé.

“Ẹ má yà mí”

Lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan wà, tí wọ́n gbé wá láti Ìlọrin nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. JSS 3 ni ó wà. Ó ń fi fóònù ka àwọn ìbéèrè ìdánwò tó ti kọjá, ó sì máa ń bá ọmọ wa ta Lúdò lórí rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú fóònù sókè lọ́nà tó bá dà bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. “Ẹ má yà mí” ni ó máa ń sọ.

Ìyá rẹ̀ ni ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mọ̀lẹ́bí kan ni ó yà á nígbà tí ó ń sùn, pẹ̀lú orí pípá àti ẹnu tó bó, tí ó sì gbé e sí Facebook láti fi wá owó ìtọ́jú. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é, owó díẹ̀ sì wọlé. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti rí i. Àwọn kan fi àwòrán ẹkún ránṣẹ́ sí i, ẹnì kan béèrè bóyá òótọ́ ni pé ó ti kú. Láti ọjọ́ náà ni kò ti dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kankan lóhùn mọ́. Fọ́tò tí ó wá owó oògùn fún un ni ó gba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò sọ pé kí a má wá owó. Ẹni tó bá mọ iye tí ìtọ́jú yìí ń gbà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, pàápàá bí ó bá ti tó ẹni tí ń bàlágà. A lè lo fọ́tò rẹ̀ tó yà nígbà tí ara rẹ̀ le. A lè lo àwòrán ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Fọ́tò orí ayélujára kì í gbó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a ń gbàdúrà pé kó yè yóò dàgbà, yóò sì bá a níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin náà lọ sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí yàrá ọ̀tọ̀ kí kòkòrò àrùn má baà ràn án. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ wa, tí ó ń kọ́ ọ ní ìṣirò ìdá: “Bí a bá gé búrẹ́dì sí mẹ́rin, tí o jẹ ọ̀kan, mélòó ló kù? Má sọ pé ebi ṣì ń pa ọ́ o.” Kò ṣe ìdánwò náà. Ó kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ìyá rẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi láti Ìlọrin, ó bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ṣì ní àwọn ohùn yẹn. Ó ní wọ́n. Mọ́kànlá ni. Ó fi gbogbo wọn ránṣẹ́ sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró kí ọ̀kan wọlé tán kí ó tó fi òmíràn ránṣẹ́.

Fọ́tò tí ó rí ohun tí ojú kò rí

Bí fọ́tò ṣe lè ṣe ọmọ léṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè gbà á là. Jẹjẹrẹ kan wà tí ń mú ojú àwọn ọmọ kékeré, tí wọ́n ń pè ní retinoblastoma. Nínú fọ́tò tí a fi iná yà, ojú tó dára sábà máa ń tàn pupa ní àárín. Ojú tí jẹjẹrẹ yìí wà nínú rẹ̀ lè tàn funfun.

Bryan Shaw, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Baylor ní Texas, mọ èyí láti inú ilé ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n rí jẹjẹrẹ náà ní ojú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó padà sínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti ya ọmọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó rí funfun náà nínú fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọjọ́ méjìlá. Òun àti Greg Hamerly, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan náà, jọ ṣe áàpù CRADLE, tí ó ń yẹ fọ́tò inú fóònù wò láti wá funfun yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, wọ́n fi áàpù náà yẹ fọ́tò tó lé ní 50,000 wò, ti ọmọ 40 tí 20 nínú wọn ní àìsàn ojú. Nínú àwọn 20 náà, ó rí funfun lójú 16 ṣáájú kí dókítà tó mọ̀, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ṣáájú ní ìwọ̀n.

Áàpù kò lè rọ́pò dókítà ojú, ó sì lè fo nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye fọ́tò tí a ń yà níbi ìsọmọlórúkọ kan ṣoṣo! Ẹ má fi ìka yí wọn kọjá lásán. Bí ẹ bá rí ojú kan tó tàn funfun nínú fọ́tò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé-ìwòsàn ojú, ẹ má dúró de ọjọ́ tí yóò máa dùn ún.

Ohun tí ọwọ́ wa ká

Àwa ọ̀dọ́ ni a mọ fóònù lò jù nínú ẹbí. Nítorí náà, àwa ni a ni iṣẹ́ yìí, kò sì dìgbà tí a bá ní owó rọ́bọ́ọ̀tì. Bí jẹjẹrẹ bá mú ọmọ kan nítòsí rẹ, ìwọ ni kí o fi ọjọ́ ìtọ́jú rẹ̀ sínú aago fóònù ìyá rẹ̀, kí o sì pè é ní ọjọ́ méjì ṣáájú láti béèrè bóyá owó ọkọ̀ wà. Bí iṣẹ́ kan bá wọlé pé ewé tàbí omi kan ń wo jẹjẹrẹ, dá a dúró lọ́wọ́ rẹ, kí o béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà ọmọ náà kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Ra dátà fún ọmọ náà. Iná ọba kò ṣeé gbára lé, nítorí náà yá wọn ní páwà báǹkì. Pe olùkọ́ rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ ni aláìsàn náà, bá a sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, nípa orin, nípa ẹni tó ń fẹ́ ẹni, kì í ṣe nípa àìsàn nìkan. Bí kò bá dáhùn, má bínú. Fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́la.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni. Bí ọ̀nà bá là, tí àwọn dókítà sì gbà, ẹ lọ jókòó tì í. Kò sí gíláàsì fóònù tó lè di ọmọ lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ojú kò bá lè débẹ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn dé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba kímò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò ní Ìbàdàn, ẹ̀rù sì ń bà wá ní gbogbo ìgbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá ń bọ̀. Ó ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní táàmù tó kọjá. Ìyá rẹ̀ ni ó mú un lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà láti wo bí yóò ti rí. Ọmọ mẹ́ta ló ti wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà kó tó dé. Kò sí àyè níbẹ̀.

Wọ́n sún fún un.